Àpẹẹrẹ Kan Péré

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Lùbàbà, gbogbo ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ Plateau l'Abidjan ló dúró wò ó. Ẹ̀gbẹ́ mi ló jókòó sí. Ó wé hìjáàbù aláwọ̀ ewé, ó ń jẹ ìdí bírò bí ẹni ń jẹ ìrèké, ó sì ń wo ìwé Gẹ̀ẹ́sì orí itan ẹ̀ bíi pé ó fẹ́ nà án.

"Ẹ jọ̀ọ́, grand frère, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

"Èmi Sùrájù, ọmọ Ṣakí? Èmi ni mo kọ́ àwọn òyìnbó!"

Ó rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe kó sí i nìyẹn.

Treichville, l'Abidjan níbẹ̀, ni wọ́n bí i sí, Faransé ló fi kàwé. Yunifásítì kan ní Accra ti gbà á, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ yege ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Àròkọ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti féèlì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá ẹ̀, Alhaji Nùrúdíìnì, ní tó bá tún féèlì, kó wá jókòó sí sọ́ọ̀bù aṣọ òun l'Adjamé.

Mo ní màá kọ́ ọ; sọ́ọ̀bù yẹn náà la ti ń kàwé. A jókòó síwájú. Alhaji wà lẹ́yìn aṣọ, ó ń fa tẹ̀sùbáà bíi pé kò gbọ́ wa.

"Fi ata sí i," mo wí. "Má kọ pé ọkọ̀ pọ̀ l'Abidjan. Kọ pé inú ọkọ̀ gbákà ni wọ́n ti bí gbogbo wa."

Ó kọ ọ́. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ní Cocody, Músíọ̀ Séraphin, kà á sókè nínú kíláàsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, máàkì ẹ̀ sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Gaou! Ọ̀dẹ̀!" Ó ju ìwé náà lù mí láyà. "Ta ni wọ́n bí sínú gbákà? Ìdánwò ti dé tán, o ń fi mí ṣeré!"

"Ìyá mi ló sọ pé..."

"Sùrájù! O ò lè sọ nǹkan kan bó ṣe rí?"

Mo lọ ra alókò, dòdò gbígbóná, mo fi bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ tán kó tó dá mi lóhùn.

"Ó dáa. Ìwọ máa kọ, èmi á máa gé e. Èrò kan, ìdí kan, àpẹẹrẹ kan péré."

Mo kọ pé òjò wó ọgọ́rùn-ún ilé. Ó fi ìka méjì ṣe sísọ́ọ̀sì. "Gé e. Mélòó lo rí?"

"Ògiri kan."

"Kọ ògiri kan."

Ó gé irọ́ mi títí tí àsọdùn kankan ò fi lè sá pamọ́ sínú àròkọ tiẹ̀ náà mọ́. Ó sì yege!

Inú mi dùn. Mo wá rántí pé Accra kì í ṣe Cocody, ó jìnnà.

Mo lọ bá Alhaji. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀: ilé alájà mẹ́rin ní Ṣakí, fóònù tí mò ń tà fún gbogbo Áfíríkà. Bí mo ṣe lanu, mo rí Lùbàbà lẹ́yìn bàbá ẹ̀. Ìka méjì ẹ̀ ń gé.

"Alhaji, mo fẹ́ fẹ́ Lùbàbà kó tó lọ."

Bàbá gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "Ìdí?"

Áà! Àṣé ó ti ń gbọ́ wa látọjọ́ yìí.

"Tí mo bá ń parọ́, Lùbàbà kì í lé mi, sà. Ó máa ń dúró kí n tún un sọ bó ṣe rí."

"Àpẹẹrẹ?"

"Ìsinsìnyí, sà. Ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Bàbá yíjú sí ọmọ ẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Kò sí ibi tí mo fẹ́ gé níbẹ̀, Baba."

A so yìgì ní Treichville. Àwọn tó wá lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Lùbàbà ní ogójì ni.

Ó dáa. Ẹ kọ ogójì.