Willa ń Wá Tábìlì Sukíní

Willa jí ní kùtùkùtù. Òní ni ìdíje ewébẹ̀ ní abúlé Nana, ìyá bàbá rẹ̀.

Láti ìgbà tí Willa ti Amẹ́ríkà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni oúnjẹ ti ń pààrọ̀ orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kúkì di bísíkíìtì. Jẹ́lì di jáàmù.

Ó ń rú Willa lójú.

Ṣùgbọ́n Willa ní sukíní tirẹ̀, ewébẹ̀ gígùn tó jọ kùkúḿbà. Òun ló gbìn ín, òun ló ń bomi rin ín. “Àwọn ọmọ Willa” ni Nana máa ń pè wọ́n.

Willa já mẹ́ta tó jọra, tòdòdó-tòdòdó. Ó fi aṣọ tútù bò wọ́n nínú apẹ̀rẹ̀.

Níbi ìdíje, Nana ń bu tíì fún èrò níta àgọ́ ńlá. Ó ní kí Willa tètè wá tábìlì tí yóò gbé wọn sí kí agogo adájọ́ tó dún.

Kó, kó, kó. Bàtà Willa wọnú àgọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, tábìlì sukíní dà?”

Bàbá alálùbọ́sà họrí. “Sukíní kẹ̀? Ṣé oúnjẹ ológbò ni?”

Ó rú Willa lójú.

Ó bi ìyá tó ń kọ orúkọ ewébẹ̀ sí káàdì. Ìyá náà yẹ gbogbo káàdì wò.

“Kò sí sukíní níbí, ọmọ mi. Kọjẹ́ẹ̀tì ló kù.”

Kí ni wọ́n ń pè ní kọjẹ́ẹ̀tì? Ó túbọ̀ rú Willa lójú.

Kò sẹ́ni tó wo inú apẹ̀rẹ̀.

Gbaun! Agogo dún. Adájọ́ ti ń bọ̀.

Omi lé ròrò sójú Willa. Bóyá wọn ò fẹ́ sukíní níbí. Bóyá wọn ò fẹ́ Willa náà.

Willa nujú. Kò tún bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ojú ló kù tó fẹ́ fi wá a.

Tábìlì kárọ́ọ̀tì. Rárá.

Tábìlì ẹ̀wà tútù. Rárá.

Tábìlì igun. Ewébẹ̀ gígùn, aláwọ̀ ewé, òdòdó lórí.

Willa ṣí aṣọ. Ó gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

“Ẹ wò ó, wọ́n jọra.”

Ìyá oníkáàdì bú sẹ́rìn-ín. “Kọjẹ́ẹ̀tì lo gbé kiri látàárọ̀.”

“Sukíní ni, mà,” ni Willa wí.

Ìyá náà kọ orúkọ méjèèjì sí káàdì. Ó kọ “Willa” sábẹ́ wọn.

Willa gba ipò kẹta. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Nílé, Nana fi bọ́tà dín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣìn-ìn-ìn.

Willa jẹ sukíní. Nana jẹ kọjẹ́ẹ̀tì.

Inú abọ́ kan náà ni wọ́n ti jẹ ẹ́.