Kọ̀ǹpútà Tó Ń Jẹ́ "Mo Wà Ńbí"

Ìyá pe ọmọbìnrin rẹ̀ láti ilé ìdáná. Ọmọbìnrin náà dáhùn láti orí ibùsùn pé, "Mo ń bọ̀, mà," ó sì yí ẹ̀gbẹ́ padà.

"Ohùn rẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ara rẹ ńkọ́? Ẹnu dùn ún ròfọ́."

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Mo-ń-bọ̀ nílé. Orúkọ náà sì tẹ̀ lé e dé iléèwé.

Òun ló kọ ètò tí kíláàsì wọn fi ń tọ́jú iṣẹ́ ìdánwò àṣekágbá sórí àwọn kọ̀ǹpútà iléèwé. Ẹ̀dà méjì ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, lórí kọ̀ǹpútà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ètò náà a máa pe àwọn kọ̀ǹpútà bí olùkọ́ ṣe ń pe orúkọ láàárọ̀. Èyí tí kò bá jẹ́ ìpè, yóò kà á sí òkú, yóò sì ṣe ẹ̀dà mìíràn sórí èyí tó yè.

Àléébù kan ló wà níbẹ̀: kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í tètè dáhùn, ètò á kà á sí òkú, àmì pupa á sì gba gbogbo ojú ẹ̀rọ. Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n rí àléébù yìí gan-an ni olùkọ́ kọ̀ǹpútà fẹ́ wá yẹ ètò náà wò.

"Wá ohun tó ń dá wọn dúró," ni Onígíláàsì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, wí.

"Ìyẹn á pẹ́ jù." Mo-ń-bọ̀ tẹ ìlà díẹ̀: kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ máa dáhùn "Mo wà ńbí" kó tó wo ohunkóhun. Gbogbo àmì di àwọ̀ ewé.

"Ṣé o wò wọ́n sàn ni, àbí o kọ́ wọn ní ìwà rẹ?"

"Àwọ̀ ewé ni mo rí o. Ìwọ, nu gíláàsì rẹ."

Olùkọ́ yìn ín títí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bàjẹ́ nínú. Kò lè gbé fáìlì kankan jáde mọ́, síbẹ̀ bí ètò bá ti pè é, "Mo wà ńbí." Nítorí náà, ètò kò ṣe ẹ̀dà mìíràn. Nígbà tí olùkọ́ rí i pé àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀, ó pa ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan rẹ́, ó gbé e fún ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé. Ẹ̀dà iṣẹ́ Onígíláàsì kan wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kejì ṣáà wà lórí ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Ọjọ́ tí wọ́n máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn olùdánwò pé. Olùkọ́ tẹ orúkọ Onígíláàsì.

"Mo wà ńbí," ni kọ̀ǹpútà kọ sójú.

Ó tún un tẹ̀.

"Mo wà ńbí."

Olùkọ́ tẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. "A ti rí ọ. Iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ la ní kó o gbé wá."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Onígíláàsì kò rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ sáà kan gbáko ló wà níbẹ̀. Ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdọ̀tí lára rẹ̀.

"Bóyá iná ló..." ni Mo-ń-bọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó wo ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé ìyókù mì. "Kì í ṣe iná, sà. Èmi ni mo kọ́ ọ kó máa dáhùn láìṣiṣẹ́."

Olùkọ́ bẹ àwọn olùdánwò títí wọ́n fi fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní bí iṣẹ́ Onígíláàsì kò bá lọ, ti Mo-ń-bọ̀ náà kò ní lọ. Ni Onígíláàsì bá ń pe ọ̀rọ̀ láti orí, tí Mo-ń-bọ̀ ń tẹ̀ ẹ́.

"O ti fo ìlà kan."

"Mo ń bọ̀ níbẹ̀."

"Má bọ̀. Tẹ̀ ẹ́."

Ó tún ètò rẹ̀ ṣe pẹ̀lú: kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ gbé fáìlì kékeré kan jáde kí wọ́n tó kà á sí alààyè. Ó ti wá yé e pé ìdáhùn kì í ṣe iṣẹ́, àti pé àléébù tí a bá bò mọ́lẹ̀, ẹlòmíràn ló sábà máa ń kọsẹ̀ lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ lọ, ìyá pè é. Kò gbọ́ ohùn kankan. Ó tún pè, ó yíjú láti lọ jí i, àṣé ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ náà dúró sí. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ìyá.

"Kí ló ṣe ọ́? Ṣé kò sí o?"

"Ara mi ló dé, mà," ni Mo-ń-bọ̀ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú ṣíbí. "Ohùn ń bọ̀ lẹ́yìn."