Ẹnu Tí Ń Jẹ Òfìfo

Láàárín oṣù mẹ́rin, oyún kan wálẹ̀, ibà dá ọmọ mẹ́ta dùbúlẹ̀, omi kànga di omi iyọ̀, Dúrójayé bíríkìlà sì kú sínú kòtò ìpìlẹ̀ ilé tí omi inú rẹ̀ kò mu èèyàn dé kókósẹ̀. Ohun mẹ́rin ni ó dé bá ọgbà Bàbá Akínbọ̀dé l'Ájàh, orí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì di gbogbo rẹ̀ lé: Ràhímátù, ẹ̀gbọ́n olóògbé, tí ó ń dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́.

Ràhímátù a máa jẹnu nígbà tí kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀. Àárín ọ̀rọ̀ ni yóò ti dákẹ́, ojú rẹ̀ yóò ranjú mọ́ ibì kan, ẹnu yóò máa jẹ, ọwọ́ ọ̀tún yóò sì máa fa etí ìró. Wọ́n ní ẹran èèyàn ni ó ń jẹ. Wọ́n ní àwọn lékèélékèé tí ń dúró sí irà etí ọ̀sà ẹ̀yìn ilé ni ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí apá ọ̀dọ̀ wọn ni ó máa ń ranjú mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn àáfà ṣe àdúà fún òkú tán, Bàbá Akínbọ̀dé pe ilé jọ. Waliyat, ọmọ Ràhímátù, tí ń ṣe nọ́ọ̀sì l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, jókòó ti ìyá rẹ̀.

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí," ni Bàbá onílé wí. "Kí Ràhímátù di ẹrù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Hakeem, ọ̀gá Dúrójayé níbi iṣẹ́, gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ojú mi ló ṣe. Ó ṣubú gbì, ó dojú bo omi, ó le gbagidi, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Mo dúró títí ó fi dákẹ́. Nígbà tí a délé, wọ́n ní wákàtí yẹn gan-an ni Àǹtí Ràhímátù ń jẹnu nídìí ààrò."

"Ta ló di aago mú fún wọn, Bọ̀dá Hakeem?"

"Waliyat, ìwé tó o kà kò dé ibi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé."

"Ọbẹ̀ ni màámi ń sè. Ẹ̀yin náà sì jẹ níbẹ̀."

Ràhímátù la ẹnu. "Bàbá, ẹ dákun, àbúrò mi kan ṣoṣo..." Ọ̀rọ̀ já. Ojú rẹ̀ ranjú. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Àga ṣubú. Àwọn ìyá gbá ọmọ wọn mọ́ra, wọ́n sá dé ẹnu géètì. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀.

"Ẹni tó bá fi ṣíbí kàn wọ́n yóò rí mi," ni Waliyat wí. Kò dì í mú, kò da omi sí i lójú. Ó rọra gba ife omi tí ó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó wo aago. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó wo àwọn tó ti sá.

"Ṣé òjò ń bọ̀ ni, tí gbogbo yín fi dìde?"

"Wárápá ni," Waliyat wí. "Kì í ṣe oríṣi kan. Òmíràn a gbé èèyàn lulẹ̀, a sì máa gbọ̀n ọ́n. Òmíràn a kàn mú kí ojú ọmọ ilé-ìwé kú fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, tíṣà á sì nà án pé kò fọkàn sí ẹ̀kọ́. Ti màámi ló ń mú ẹnu jẹ. Àyẹ̀wò ọpọlọ wà fún un, oògùn ojoojúmọ́ wà fún un. Mo jẹ̀bi pé n kò tètè mú wọn lọ. Àmọ́ kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ sì ń béèrè ohun tó sọ omi kànga di iyọ̀, ẹ̀yin tí ọ̀sà wà lẹ́yìn ilé yín?"

Hakeem ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀.

"Bọ̀dá Hakeem, ẹ má tíì lọ. Ẹ ní Bọ̀dá Dúrójayé dojú bo omi, ẹ sì dúró títí wọ́n fi dákẹ́."

"Wọ́n ní itọ́ oníwárápá a máa ranni." Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Gbogbo wa la sá sẹ́yìn."

"Kì í ranni. Ẹ̀gbẹ́ là á yí irú wọn sí, kí itọ́ lè ṣàn jáde. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó di ilé ìwòsàn. Wárápá ló gbé Bọ̀dá Dúrójayé lulẹ̀; ọwọ́ méjì péré ni wọ́n nílò láti yí wọn kúrò nínú omi." Ó fa ìyá rẹ̀ dìde, ó mú un dúró níwájú ọkùnrin náà. "Ẹ wo ojú màámi, Bọ̀dá Hakeem. Ẹ sọ ẹni tó pa àbúrò wọn fún wọn."