Maṣíìnì Ìyá Kúlúsúmù

Ọkọ mi ló ní kí n gbé maṣíìnì ìyá òun fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn. Àkíbù yìí kan náà, kó tó lọ sí Kùmásì, kì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan maṣíìnì náà. Gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ ni í fi òróró nù ún, á rọra máa nù ún bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.

"Maṣíìnì ìyá yín?" ni mo bi í.

"Irin ni, Sìdí." Kò wojú mi. "Èyí tó bá ti bàjẹ́, ká jù ú nù, ká ra tuntun."

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Pópó Yemọja, ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Lọ́jọ́ náà, àkísà ni mo mú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu maṣíìnì náà.

Télọ̀ ni Ìyá Kúlúsúmù, ìyá ọkọ mi, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́. Inú pálọ̀ la sin ín sí, orí ibẹ̀ náà ni maṣíìnì rẹ̀ wà. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ló ní: kì í rán líkáfàní. Ì báà jẹ́ lèmọ́mù ló gbé e wá, á ní kó gbé e fún àwọn àfáà kí wọ́n fọwọ́ rán an. "Maṣíìnì tó ń bo alààyè láṣìírí," a máa wí, "kò gbọdọ̀ ránṣọ òkú."

Àkíbù pẹ́ ní Kùmásì. Mi ò tíì bímọ fún un kó tó lọ, àwọn ará ilé sì ti ń fi ọ̀rọ̀ gún mi lára. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún òmìnira yìí ń rọ̀, mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, mo bá a níbẹ̀. Òjò ń rọ̀ lé e lórí, aṣọ ọrùn rẹ̀ gbẹ. Mo rí i, mi ò béèrè nǹkan kan. Ẹkún ayọ̀ ni mo ń sun. Kò jókòó ní pálọ̀ rí láti ìgbà tó dé. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé, ó ní ara òun fẹ́ atẹ́gùn. Kò pẹ́ kò jìnnà, mo lóyún.

Iléyá wá ń bọ̀. Mo ra aṣọ funfun, mo gé e fún gbárìyẹ̀ ọkọ mi. Bí mo ti fi í sábẹ́ abẹ́rẹ́, tí mo tẹ maṣíìnì, ó gan. Mo ta òróró sí i, mo tú bẹ́líìtì rẹ̀, mo bú u. Kò mira. Ni mo bá ní kí aláàárù gbé e lọ fún Bàbá Màmúdù, tó ń tún maṣíìnì ṣe ní Bẹẹrẹ. Wọ́n fi àkísà sí i, ó ń lọ geere. "Kò ṣe nǹkan kan, ìyàwó," ni wọ́n wí. A gbé e padà sílé, mo fi gbárìyẹ̀ sí i, ó tún gan. Ìgbà yẹn ni ọkọ mi sọ ọ̀rọ̀ irin yẹn.

Mo fẹ́ gbà fún un. Ta ni yóò bá ọkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé jà nítorí irin? Bàbá Màmúdù ló ní kí n má tíì tà á, àwọn á wá wò ó níbi tó wà.

Wọ́n wá lọ́sàn-án. Wọ́n fi àkísà sí i, ó ń lọ. Wọ́n mú ìró mi tó ya, ó rán an. Wọ́n mú gbárìyẹ̀ náà, ó gan. Wọ́n dá àkísà padà, ó lọ. Wọ́n tún fi gbárìyẹ̀ sí i, ó gan, wọ́n sì yọ ọwọ́ kúrò lára maṣíìnì. Ilẹ̀ pálọ̀ tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ.

"Ta ló ni aṣọ yìí?" Wọ́n rọra bi mí.

"Ọkọ mi ni. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi bùtà ṣan ẹsẹ̀."

"Sìdí, ṣé o rántí èèwọ̀ Kúlúsúmù?"

Inú bí mi gan-an. Mo ní kí wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, kí wọ́n máa lọ, pé ẹnu wọn ò dáa. Ibi tí mo ti ń sọ ọ́ ni ẹnìkan ti kí wa lẹ́nu ọ̀nà. Oyèdélé ni, ọmọ Yemetu, tí òun àti ọkọ mi jọ ń ṣòwò ní Kùmásì. Àpótí ọkọ mi ló rù. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

"Ìyàwó, má bínú. Mi ò rí ẹni gidi tí mo lè rán. Nínú ọyẹ́ la sin ín, èmi gan-an wà níbẹ̀."

Mo bi í pé ta ni wọ́n sin.

"Àkíbù," ó wí.

Mo sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Bùtà ti dojú dé, omi ṣì ń dà jáde lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ ti di ẹrẹ̀, kò sì sí ipa ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀. Mo pe orúkọ rẹ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ.

Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà. Maṣíìnì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Aṣọ tí àdúgbò wa fi ṣe òmìnira, orí rẹ̀ ni mo ti rán an. Oyún mi ń dàgbà. Àwọn ìyá ilé fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ọmọ yìí lágbára. Mo wá ń tu ara mi nínú pé, ohun yòówù kí baba rẹ̀ jẹ́, tèmi ni ọmọ, ó sì wà láàyè.

Àná ni mo gé aṣọ pénpé tí n ó wọ̀ fún un lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo fi í sábẹ́ abẹ́rẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Ó gan.

Mo yọ ọ́, mo fi bùbá aládùúgbò sí i, ó rán an. Mo dá ti ọmọ padà, ó gan. Mo sáré lọ bá Bàbá Màmúdù. Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní tuntun kan wà lọ́wọ́ àwọn, pé ìyẹn ò mọ èèwọ̀ ẹnìkankan, á rán ohunkóhun tí mo bá fi sí i.

Wọ́n ti gbé e wá. Ó wà ní pálọ̀ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ìyá, mi ò sì tíì lè fọwọ́ kàn án. Aṣọ pénpé náà wà lórí itan mi. Ọmọ ń tàpá nínú mi, kò sinmi, ó ń tàpá léraléra bí ẹsẹ̀ tó ń tẹ maṣíìnì.