Ọdún Mẹ́jọ fún Ọmọ Ogún Ọdún

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Orest Wasylyk nígbà tí ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín tó ti ń ṣeré fún láti ọdún méjìlá ní kó máa lọ. Wọn kò fi ariwo lé e. Ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ náà pè é sí ọ́fíìsì, ó bu kọfí fún un, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́.

"A kì í sanwó fún àná, Orest. Ọ̀la la ń rà."

Orest mọ ọ̀la tí wọ́n rà. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà ni wọ́n fún Kieran Malloch ní àdéhùn ọlọ́dún mẹ́jọ, pẹ̀lú owó tí Orest kò rí rí, bí a bá tiẹ̀ pa gbogbo ọdún méjìlá rẹ̀ pọ̀. Ọmọ ogún ọdún ni Kieran. Ọdún kan péré ló tíì fi ṣeré láàárín àwọn àgbà. Kò tíì gba ife kankan. Wọ́n ní ohun tó máa dà ni àwọn ń wò.

Èyí tó dun Orest jù ni pé inú ilé rẹ̀ ni Kieran ti jẹun. Nígbà tí ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ dé, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń se ẹyin pàápàá, ilé Orest ni ẹgbẹ́ fi í wọ̀ sí. Daria, ìyàwó Orest, ló ń se piróhì, oúnjẹ ìyẹ̀fun tó kún fún ọ̀dùnkún, fún un. Larissa, ọmọbìnrin wọn, kì í jẹ́ kó sinmi. Orest fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí a ṣe ń dúró níwájú góòlù tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè tì í kúrò. "Ẹ̀gbọ́n" ni Kieran máa ń pè é.

Eyín mẹ́rin, imú tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta àti èjìká tó ń dùn ún lójoojúmọ́ ni Orest fi gba ipò rẹ̀. Kieran fi ẹ̀rín músẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Orest ṣe rí i nìyẹn, bó sì ṣe ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ padà sí Stenka, ìlú kékeré tí wọ́n bí i sí ní Saskatchewan, ní Kánádà. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n máa ń mu kọfí láàárọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin.

"Ọmọ tó gbá góòlù méjìdínlógún péré wọlé," Bill Hnatiuk sọ. "Bí mo bá ń ra màlúù báyẹn, ìyàwó mi á lé mi jáde nílé."

"Ọmọ yẹn máa dáa," ẹni tó jókòó tì í fèsì. "Bí wọn ò bá tètè so ó mọ́lẹ̀, ẹlòmíì á gbé e lọ."

"Ó máa dáa, ó máa dáa. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Ṣé wọ́n ti lọ sọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n sì ti dé ni?"

Gbogbo wọn wo Orest. Orest gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó máa gbádùn ẹ̀," ó ní. "A máa wò ó bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀ á gbé ọdún mẹ́jọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kan ní ìlú mìíràn gbà á fún ọdún kan, pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́. Bí ìwé àtòjọ eré ṣe jáde, ọjọ́ kan ṣoṣo ni Orest wá nínú rẹ̀: ọjọ́ tí ẹgbẹ́ Kieran máa wá bá wọn ṣeré nínú oṣù Kejì. Ó fi bírò pupa yí ọjọ́ náà po, ó sì lẹ ìwé ọ̀hún mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ní yàrá ìmúra. Àwọn èèyàn rò pé nítorí àtirí iṣẹ́ mìíràn ló ṣe ń sáré bẹ́ẹ̀, tó ń gbé irin bẹ́ẹ̀. Nítorí ọjọ́ kan ni.

Ẹnì kan rí ìwé náà. Gilbert Okemow ni, ọmọ ẹ̀yà Cree, àwọn tó ti wà ní Kánádà kí òyìnbó tó dé, láti ìhà àríwá, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Òun ló ń pọ́n irin abẹ́ bàtà tí àwọn eléré fi ń sáré lórí yìnyín. Ọ̀mùtí paraku ni nígbà kan kí Jésù tó gbé e dìde, kò sì fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Ọjọ́ ìbí ta nìyẹn?" Gilbert béèrè.

"Kì í ṣe ọjọ́ ìbí, bàbá."

"Àbí ọjọ́ ikú ẹnì kan ni?"

Bàbá náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Mo ti ru irú ẹrù yìí rí, Orest. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wá ọkùnrin kan kiri. Ó wà nílé ẹ̀, ó ń sùn, ó ń han-anrun. Èmi ni mi ò róorun sùn. Jésù lè gba ẹrù yẹn lọ́wọ́ ẹ."

"Bàbá Gil, bàtà ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi pọ́n. Mi ò bẹ̀ yín ní ìwàásù."

"Mo gbọ́." Gilbert pọ́n bàtà náà dáadáa, ó sì gbé e fún un. "Màá máa gbàdúrà fún ẹ, bó o fẹ́ bó o kọ̀."

Ọjọ́ náà pé. Ní apá kìíní eré, Orest kò fọwọ́ kan Kieran. Ó kàn ń wò ó. Ní apá kejì, bọ́ọ̀lù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá lórí yìnyín yí lọ sí igun, Kieran tẹrí ba, ó ń lé e lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni Orest gbà yọ sí i. Àyè wà fún un láti yà. Kò yà. Ó na orúnkún rẹ̀ jáde, ó sì fi gbogbo ara kọ lu orúnkún ọmọkùnrin náà.

Ó gbọ́ bí iṣan orúnkún náà ṣe já. Kieran kígbe, ó ṣubú, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Kí rẹfirí tó dé ọ̀dọ̀ wọn, Orest ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí rẹ̀.

"Ọdún mẹ́jọ," ó rọra sọ. "Máa kà á."

Líìgì dá a dúró fún ogún eré. Ó lọ sílé sí Stenka, inú rẹ̀ dùn. Ní ṣọ́ọ̀bù kọfí, wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Ó máa ń wo fídíò ìkọlù náà lórí fóònù, á wò ó tán, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń rẹ́rìn-ín níbi tí Kieran ti ń kígbe. Larissa, tó ti pé ọmọ ọdún méjìlá, máa ń jókòó tì í, wọn á jọ máa wò ó. Daria kò bá a jiyàn. Ó kàn ṣíwọ́ bíbá a jẹun lórí tábìlì kan náà.

Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀ṣẹ̀ máa ń dùn lẹ́nu báyìí fún ìgbà díẹ̀. Orest gbádùn tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ó lọ wo eré họ́kì tí Larissa ń ṣe pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin ìlú wọn. Olùkọ́ni àwọn ọmọbìnrin náà ti yọ Larissa kúrò láàárín àwọn tó ń kọ́kọ́ wọlé, ó fi Josie Petrun, ọmọ ọdún mẹ́wàá, rọ́pò rẹ̀. Ó ní kí àwọn òbí ṣe sùúrù, ọmọ náà ní ẹ̀bùn, kí wọ́n wo ohun tó máa dà. Larissa gbọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ náà gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí Larissa náà wọlé, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó fi eré gé pápá yìnyín náà kọjá, ó wá láti ẹ̀yìn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ti Josie lu ògiri pákó. Josie ṣubú, kò dìde. Ìyá rẹ̀ sáré wọ orí yìnyín pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀, ó ń yọ̀, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń wo ìyá yìí ni Orest ti rí ọmọ tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sétí Josie, tó ń sọ nǹkan fún un.

Ó dúró dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kí lo sọ fún ọmọ yẹn?"

"Mo ní kó padà sípò ẹ̀."

"Larissa, apá ọmọ yẹn ti kán."

Ọmọ náà wò ó bíi pé kò yé e. "Orúnkún Kieran náà bàjẹ́. Ẹ ò sunkún, Dádì. Ẹ̀rín lẹ̀ ń rín. Ṣé mi ò ṣe é dáadáa ni?"

Kò sí omijé lójú ọmọ náà. Ó ń retí kí bàbá òun yin òun. Ọkùnrin tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni rí lórí yìnyín fara ti ògiri, ó ń bẹ̀rù ara rẹ̀.

Ó mú ọmọ náà lọ bá Daria. Lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀, ó fi wákàtí mẹ́ta wa ọkọ̀ láàárín òjò dídì lọ sí ìlú tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ọ̀sán ni, Gilbert nìkan ló wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Bàbá Gil, mo ti ba ọmọ mi jẹ́."

Gilbert pa ẹ̀rọ náà. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà títí dé òpin, kò sì sọ pé òun ti kìlọ̀.

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi," Orest ní. "Ṣé owó yẹn tọ́ sí Kieran?"

"Mi ò mọ̀. Mo ti ń pọ́n bàtà fún wọn láti ogójì ọdún. Mo ti rí èyí tí wọ́n kó gbogbo ayé fún tí kò dà nǹkan kan. Mo ti rí èyí tó dáa ju iye tí wọ́n san lọ. Ẹjọ́ àwọn tó lówó nìyẹn. Tìẹ ńkọ́? Kí ló tọ́ sí ìwọ lónìí?"

Orest rántí ìyá Josie tó ń ṣubú tó ń dìde. "Ìdájọ́," ó ní.

"Ó dáa tó o mọ̀." Gilbert gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀. "Ọlọ́run ò wo àná ẹ kó tó rán Jésù, torí àná ẹ ò dáa. Kò wo ọ̀la ẹ, torí ó ti rí ohun tó o máa ṣe fún ọmọkùnrin yẹn. Ó mọ gbogbo ẹ̀, ó sì fi ẹ̀jẹ̀ Ọmọ ẹ̀ san án tán. O ti ń bínú láti ọdún tó kọjá pé wọ́n fún ẹnì kan ní ohun tí kò tíì ṣiṣẹ́ fún. Orest, nǹkan kan náà gan-an lo nílò. Bí wọn ò bá fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, o ò lè rí i gbà."

Orest kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ rọ́bà láàárín lẹ́bulẹ́bu irin. Kò tíì gbàdúrà láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá àgbà rẹ̀.

"Olúwa, èmi ni mo ṣe é," ó sọ. "Kì í ṣe ọ̀gá àgbà. Kì í ṣe Kieran. Èmi ni. Jésù, gbà mí." Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tó dìde, ìkórìíra tó ti gbé àyà rẹ̀ láti oṣù Keje kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó mú Larissa lọ sílé Josie. Níwájú àwọn òbí ọmọ náà ló ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ibi ni ohun tí mo ṣe. Ọwọ́ mi lo ti kọ́ ọ." Ìgbà yẹn ni Larissa tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Lẹ́yìn náà ó lọ sọ́dọ̀ Kieran. Ìyá ọmọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn fún un, kò kí i. Kieran wà lórí àga, irin wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Mo wá tọrọ àforíjì," Orest sọ. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí líìgì bẹ́ẹ̀."

Kieran kò pè é ní ẹ̀gbọ́n. "Lẹ́yìn oúnjẹ, nílé ẹ," ó ní, "ìwọ lo máa ń fọ abọ́, èmi ni mo máa ń nù ún. Ohun tí mò ń rò nígbà tí mo wà nílẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn." Ó yíjú sí fèrèsé. "Kò sí àforíjì lọ́wọ́ mi. Mo máa padà sórí yìnyín lóṣù Kẹwàá. Mo máa wá ẹ."

"Mo mọ̀. Mi ò wá bẹ̀ ẹ́ pé kó o má wá mi."

Ẹgbẹ́ Orest fi oṣù díẹ̀ kún àdéhùn rẹ̀. Oṣù Kẹwàá dé, ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé, Kieran sì mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó fi Orest lu ògiri, egungun èjìká Orest ṣẹ́. Kieran dúró lé e lórí, ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń retí ìjà. Orest dìde, ó di apá rẹ̀ mú, ó wo ojú ọmọkùnrin náà láìsí ìbínú, ó sì kọjá lọ jókòó. Bí eré rẹ̀ ṣe parí nìyẹn.

Lónìí, Orest ń ta ẹ̀rọ oko ní Stenka. Apá rẹ̀ kò ròkè mọ́. Ó ń sùn dáadáa, Daria sì ti padà sídìí tábìlì. Kieran ń gbá góòlù wọlé, àwọn èèyàn ń sọ pé owó náà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó sún mọ́ ọn sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Wasylyk, ojú rẹ̀ á yí padà, kò sì ní jẹun mọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ti dòmìnira. Òun tí wọ́n ṣẹ̀ ló kù sínú túbú. Àwa ń gbàdúrà fún un.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bóyá wọ́n ti gba ipò rẹ fún ẹni tí kò tó ọ. Bóyá ẹni tó o fún lóúnjẹ ló ṣe ọ́ níkà, tí àpá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ. Mi ò sọ pé kò dùn ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí o ń kà, àwọn ọmọ rẹ sì ń wò ọ́ bí o ṣe ń kà á. Má ṣe dúró di ìgbà tí wọ́n bá kọ́ ọ tán.

Jésù kò béèrè ohun tí o máa dà. Bí o ṣe wà yìí ló fi kú fún ọ, ó sì lè gbà ọ́ lónìí. Ọ̀la kò sí lọ́wọ́ rẹ. Dárúkọ ẹni tí o kórìíra fún un, kí o sì dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ tẹ̀ lé e. Ṣe é níbi tí o jókòó sí, kí o tó pa ìwé yìí dé.