Físà Ò Tíì Dé, Tíṣà Ti Palẹ̀ Mọ́

Ẹ̀rín ló gba yàrá àwọn olùkọ́ kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Òyìnbó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ka ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ ní àkàtúnkà. Ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun ti gbà á síṣẹ́. Èdè Òyìnbó náà ló máa lọ kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀.

"O máa wá gbàgbé wa síbí ni," ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ni ní ìṣirò ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Báwo ni màá ṣe gbàgbé yín? Ta ni màá máa bá jà lórí ṣọ́ọ̀kì níbẹ̀?"

Opó ni obìnrin yìí, Tíṣà ni wọ́n ń pè é. Ó ṣì lóyún ọmọ rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ọmọbìnrin náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí. Aláròyé ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, torí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí ìyá rẹ̀ bá ń fọ aṣọ, á jókòó tì í, á máa ro ẹjọ́ gbogbo ọmọ tó wà ládùúgbò fún un.

Àdéhùn iṣẹ́ náà ni pé Tíṣà nìkan ni yóò kọ́kọ́ wá. Bó bá ti fìdí múlẹ̀, ó lè wá mú ọmọ rẹ̀. Tíṣà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó ní ọmọ náà lòun ń torí rẹ̀ lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ló kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó kó kúrò nínú yàrá rẹ̀, ó fi bẹ́ẹ̀dì àti àga tọrẹ, ó lọ ń sùn lórí ẹní lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ oníṣirò. Ó wá mú Aláròyé lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nílùú mìíràn.

"Ṣé físà ti jáde ni?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Kò ní pẹ́ jáde, Àǹtí mi. Mo fẹ́ kí ibí tètè mọ́ ọn lára ni."

"Kí ló dé tí o ò kúkú jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ ẹ títí dọjọ́ tó o máa lọ?"

"Ẹkún ọjọ́ yẹn á pọ̀ jù fún un." Kò sọ pé ẹkún tòun gan-an lòun ń sá fún.

Aláròyé tẹ̀ lé e dé ìdí ọkọ̀. "Màámi, ìgbà wo lẹ máa wá mú mi?"

"Láìpẹ́," ni Tíṣà wí, ló bá wọ ọkọ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà tó padà dé ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ ìwé ìrìnnà rẹ̀ wò dáadáa. Ọjọ́ tí wọ́n fún un ti ń lọ sópin, ẹ́ḿbásì ò sì ní tẹ físà sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kó gba tuntun.

Lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gba ìwé ìrìnnà, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kíákíá pàdé rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má wulẹ̀ wọlé. Ìlà inú yẹn ò ní tán lónìí. Ẹ kó ìwé yín fún mi, kí ẹ lọ máa múra ìrìnàjò yín."

"Ṣé òṣìṣẹ́ ibí ni yín?"

"Ṣé ẹ ò rí i pé gbogbo wọn ló mọ̀ mí ni?"

Lóòótọ́, ẹni tó ń ṣọ́ géètì juwọ́ sí i. Ìyẹn ló fi ọkàn Tíṣà balẹ̀, ló bá kó ìwé rẹ̀ fún un. Kíákíá béèrè orúkọ ọkọ rẹ̀, ó sọ fún un, ó sì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tó gbé fún un láìkà á.

Orúkọ lásán ni Kíákíá. Lónìí, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Lọ́la, á ní ọ̀gá tó máa buwọ́ lù ú ò sí nílé. Nígbà tó yá, kò gbé fóònù mọ́.

"Ọmọ ẹ ń béèrè ẹ," ẹ̀gbọ́n Tíṣà sọ lórí fóònù. "Ṣé o ò ní wá wò ó ni?"

"Àǹtí mi, tí mo bá wá, tí mo tún fi í sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ á tún gbọgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìwé yìí jáde. Ìgbà yẹn ni màá wá dágbére lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Bí oṣù ṣe ń gorí oṣù nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá gbé fóònù sí Aláròyé létí, á sọ̀rọ̀ títí owó orí fóònù á fi tán. Nígbà tó ṣe, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà" nìkan ló ń sọ, bí ìgbà tí èèyàn ń kí ará ilé kejì, á sì dá fóònù padà.

Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé ń múra ìdánwò ìparí ọdún, ìwé ìrìnnà náà jáde, Kíákíá sì gbé e wá. Orúkọ ọkọ Tíṣà ló wà lórí rẹ̀. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló sì wà lórí gbogbo ìwé ẹ̀rí tó fi gba iṣẹ́. Ẹ́ḿbásì dá ìwé náà padà fún un.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọ inú ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan, ìyá àgbà tó wọ awò, ní kó jókòó, ó sì yẹ ìwé rẹ̀ wò.

"Ta ló bá yín ṣe é?"

"Ọkùnrin kan níta, mà."

Ìyá náà yọ awò ojú rẹ̀. "Kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Orúkọ ọkọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o, Tíṣà, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ yí orúkọ padà máa búra ní kóòtù, á sì tún gbogbo ìwé rẹ̀ ṣe. Bí ẹ ò bá fẹ́ yí i, ẹ jẹ́ kí orúkọ ìwé ẹ̀rí àti ti ìwé ìrìnnà bára wọn mu, lẹ́tà kan ò gbọ́dọ̀ yàtọ̀. A máa tún un ṣe, àmọ́ ó máa gba àkókò."

"Ilé ẹ̀kọ́ náà ò ní dúró dè mí, mà."

"Ṣé ẹ ti fiṣẹ́ ibí sílẹ̀ ni?"

"Mo ti fi í sílẹ̀."

"Ilé ńkọ́?"

"Mo ti kó jáde." Tíṣà wolẹ̀. "Mo ti mú ọmọ mi lọ síbòmíì."

Ìyá náà ti ìwé ìrìnnà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ lọ mú ọmọ yín," ó ní. "Ìwé á máa bọ̀ lẹ́yìn."

Kí Tíṣà tó lọ, ilé ẹ̀kọ́ òkè òkun náà ti ránṣẹ́ pé àwọn ti fi ẹlòmíì síbẹ̀.

Nígbà tó dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Aláròyé ń ṣeré lẹ́yìnkùlé. Ó rí i, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Ló bá lọ fara ti orúnkún ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. "Màámi, àlejò dé."

"Àlejò kẹ̀? Ìyá ẹ mà nìyẹn."

"Mo mọ̀," ọmọ náà dáhùn. "Ìyá inú fóònù."

Tíṣà wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Àwọn méjèèjì ti jọ ń gbé báyìí, nínú yàrá tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fi ẹlòmíì sí ipò rẹ̀ níléèwé, torí náà ilé àwọn èèyàn ló ti ń kọ́ ọmọ wọn lẹ́sìnnì. Ìwé ìrìnnà tó péye ti jáde, ó sì ń wá iṣẹ́ mìíràn lókè òkun, ṣùgbọ́n kò tíì palẹ̀ ohunkóhun mọ́. Aláròyé ti tún ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ bí ìyá rẹ̀ bá ti gbé báàgì, ì báà ṣe ọṣẹ ló fẹ́ lọ rà, á dákẹ́, á lọ wọ bàtà rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ kọ́ni lókè òkun, ẹ yẹ ìwé ìrìnnà yín wò lónìí, kí ẹ tó wáṣẹ́ rárá. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti ń lọ sópin, ẹ tètè tún un gbà. Ẹ fi orúkọ inú rẹ̀ wé ti ìwé ẹ̀rí yín. Ẹ má ṣe kó ìwé yín fún ẹnikẹ́ni lẹ́nu géètì, bó ti wù kí àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n tó. Inú ọ́fíìsì ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ kí ẹ tó buwọ́ lù ú. Bí físà ò bá tíì tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ máa báṣẹ́ yín lọ, kí ẹ sì dúró sílé yín.

Bí ẹ bá ní ọmọ tí kò ní lè bá yín lọ, ẹ jẹ́ kó máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín títí dọjọ́ tí ẹ máa wọ ọkọ̀ òfúrufú. Kó sunkún lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹ̀yin náà sunkún.