Ta Ló Tú Àpò Irin?

Wọ́n ti fi aṣọ bo òkú ìyá àgbà náà kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó dé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tó máa ń jókòó sí láràárọ̀ ti já wálẹ̀, pákó sì fọ́n ká gbogbo àgbàlá.

Ìyá Wádìí ni wọ́n ń pe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà. Bó ṣe rí káfíńtà tó kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, inú bí i. Àwọn ọlọ́pàá ti kó ṣẹkẹṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ètè rẹ̀ sì ti wú.

"Ta ló lù ú?"

Àwọn ọlọ́pàá yíjú sí onílé.

"Èmi ni," onílé dáhùn. Òun ni àkọ́bí olóògbé. "Iṣẹ́ jákujàku ló ṣe, ó sì pa ìyá mi."

"Lẹ́yìn tó parí, ta ló tún fọwọ́ kàn án?"

"Kò sí. Èmi nìkan ni mo ní kọ́kọ́rọ́ géètì, màmá ò sì ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà yìí ni, ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Ìyá Wádìí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn irin tó gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dúró. Irin pẹlẹbẹ ni. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí àpò kí orí igi lè wọnú rẹ̀, wọ́n sì lu ihò mẹ́wàá sí i lára fún ìṣó. Àpò irin ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dà dúdú wà lára rẹ̀, níwájú àti lẹ́yìn.

Ó ránṣẹ́ pe ẹni tó tà á.

"Ayédèrú lo tà fún wọn?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ó tẹ̀ ni, àbí ó ya? Funfun tó ń dán ni mo tà. Mo sì fi ìṣó rẹ̀ gangan lé e, èyí tó kúrú tó sì ki."

Òótọ́ ni. Irin ò tẹ̀, kò ya. Àmọ́ ìṣó tó wà nínú rẹ̀ kò ki rárá. Ìṣó lílọ́ tín-ín-rín tí wọ́n fi ń kan sílìn ni, mẹ́rin péré, gbogbo wọn ló ti ṣẹ́.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kan èyí?" ó bi káfíńtà.

"Èmi kẹ̀? Ìṣó sílìn ò lè gbé èèyàn. Gbogbo ihò ni mo máa ń dí. Tí mo bá dí àpò kan tán, màá fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí n má baà fo ìkankan."

Ìyá Wádìí gun àkàsọ̀. Ilà ṣọ́ọ̀kì wà níbi gbogbo tí irin ti já, kò ku ọ̀kan. Ihò mẹ́wàá mẹ́wàá ló wà nínú igi, ihò ńlá, àpá irin tí wọ́n fi ń fa ìṣó yọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọ̀dà ò kan igi rárá.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró níwájú onílé.

"Ọ̀dà wà lẹ́yìn irin, kò sí lára igi. A jẹ́ pé wọ́n tú u kí wọ́n tó kùn ún. Ìṣó kíki mẹ́wàá ló jáde, tín-ín-rín mẹ́rin ló padà. Ìwọ lo sì sọ pé kò sẹ́lòmíì tó ń wọlé."

Onílé wo àpò irin tó wà nílẹ̀.

"Kò dùn ún wò ni," ó ní. "Irin ń dán lábẹ́ ilé mi, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Káfíńtà ní kí n kùn ún níbi tó wà, kí n má tú u. Ṣé òun ló máa kọ́ mi nílé mi ni? Mo tú u, gbogbo ìṣó wọ́. Ìṣó sílìn ló wà nílẹ̀. Mo rò pé á gbé e."

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé ìwọ ni?"

"Bí mo ṣe gbọ́ ariwo. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún àwọn àbúrò mi pé èmi ni mo pa ìyá wa?"

"Lo bá fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ bá ẹ ṣẹ̀wọ̀n. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé." Ó tú ṣẹkẹṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ káfíńtà, ó kó o sí onílé lọ́wọ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin gbójú sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo lè dárí ìṣó jì yín. Èyí tẹ́ ẹ lu ẹni ẹlẹ́ni lórí òkú màmá, mi ò lè dárí ẹ̀ jì yín."

Onílé kúnlẹ̀ níwájú káfíńtà, ó ní kó ṣàánú òun. Káfíńtà nu ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀.

"Má bẹ̀ mí," ó ní. "Ìyá ẹ ló wà ńlẹ̀ yẹn. Lọ bẹ̀ ẹ́."